Róòsì Elésè Àlùkò: Ẹ Kọ́kọ́ Béèrè Òbí Rẹ̀

Ogún hóró róòsì elésè àlùkò, ẹ sanwó, wọ́n á gbé e wá bá yín nílé. Ìpolówó yẹn ni mo rí lórí fóònù mi lọ́dún tó kọjá, mo sì sanwó. Mo gbin àwọn hóró náà sínú ike mẹ́ta níwájú yàrá mi ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, mo ń bomi rin wọ́n láràárọ̀. Nígbà tí wọ́n hù, mo ya fọ́tò, mo gbé e sórí status. Kò pẹ́ tó fi hàn gbangba pé koríko kan báyìí ni: kò ní ẹ̀gún, ewé rẹ̀ kò jọ ti róòsì rárá. Èmi tí mò ń kàwé gboyè kejì nínú ìmọ̀ ewéko ni wọ́n lù ní jìbìtì yẹn o. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, mo gbà.

Owó kọ́ ló dùn mí jù. Ìbéèrè kan ṣoṣo ì bá ti gbà mí lọ́wọ́ wọn, mi ò sì béèrè rẹ̀: ta ni òbí òdòdó yìí? Bí a bá fẹ́ fọ́mọ fọ́kọ, ṣebí a máa ń wádìí ìdílé. Róòsì náà ní ìdílé, àwọn tó ń bí i sì máa ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ti àwọn elésè àlùkò yìí. Ọ̀kan nínú àwọn baba ńlá wọn ni 'Peace', tí Francis Meilland mú jáde ní ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n sì sọ lórúkọ ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹrin 1945, nígbà tí Berlin ń ṣubú lọ́wọ́. 'Peace' fúnra rẹ̀ kì í ṣe elésè àlùkò. Àwọ̀ ìyeyè ni, etí rẹ̀ ló pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Síbẹ̀, Gladys Fisher fi ṣe òbí ní Amẹ́ríkà, ó sì rí 'Sterling Silver', tó jáde ní 1957, àwọ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ìgbà tí wọ́n bu eérú lu elésè àlùkò. Ní Jámánì, Tantau lo ọmọ 'Sterling Silver' láti mú 'Blue Moon' jáde ní 1964. 'Blue Moon' yìí wà nínú ìran 'Rhapsody in Blue', tí Frank Cowlishaw bí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì yàn ní róòsì ọdún 2003 ní Britain. Agboolé mìíràn tún wà, ti 'Veilchenblau', Jámánì, 1909, ọmọ 'Crimson Rambler' tó wá láti Éṣíà. Ẹ ṣàkíyèsí pé "blue" ló kún orúkọ wọn. "Blau" náà, búlúù ni lédè Jámánì. Kò sí ìkankan nínú wọn tó jẹ́ búlúù. Àlá àwọn tó bí wọn ni wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ.

Kí ló dé tí búlúù fi ṣòro tó bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn wà nínú zobo. Róòsì lè ṣe èròjà àwọ̀ kan tó ń jẹ́ cyanidin, èyí tó ń fún un ní pupa àti píǹkì. Àwọn bíi 'Blue Moon' náà, cyanidin yìí ni wọ́n ń lò, pẹ̀lú àwọn èròjà mìíràn tó ń tì í sí ìhà àlùkò. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ òdòdó búlúù ń lò ni delphinidin. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì kò ju átọ́ọ̀mù ọ́síjìn kan lọ, róòsì kò kàn ní jíìnì tó lè bá a fi í síbẹ̀ ni. Ìṣápá pupa tí a fi ń ṣe zobo ní delphinidin, ó sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ìyẹn ni pé ohun tí àwọn olóko róòsì fi ọdún gbọọrọ wá, inú ọ̀rá zobo tí ẹ̀ ń mu ní ọgọ́rùn-ún náírà mélòó kan ló wà.

Ilé-iṣẹ́ Suntory ti Japan àti Florigene ti Ọsirélíà ní láti yá jíìnì náà lára òdòdó pansy. Wọ́n kéde róòsì náà ní 2004, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Japan ní 2009, 'Applause' lorúkọ rẹ̀. Elésè àlùkò ló tún jáde, kì í ṣe búlúù! Bẹ́ẹ bá fẹ́ rí ìdí rẹ̀ pẹ̀lú ojú yín, ẹ bu zobo tí kò ní ṣúgà sínú ife méjì, kẹ́ ẹ fi kán-ún díẹ̀ sí ọ̀kan. Pupa inú rẹ̀ á lọ, á yí sí ìhà búlúù tàbí àwọ̀ ewé. Omi inú òdòdó róòsì kan díẹ̀, kíkan yẹn ló sì ń fa àwọ̀ náà padà sí ìhà pupa. (Ẹ má mu ife kejì yẹn, jàre.)

Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun ń ta hóró róòsì búlúù, irọ́ ló ń pa. Ti elésè àlùkò ló gba àlàyé. Róòsì inú ọgbà, àmúlùmálà ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìdì kúrómósómù mẹ́rin, níbi tí èmi àti ẹ̀yin ti ní méjì. Ká tiẹ̀ ní ẹ gba hóró lára 'Blue Moon' gidi, ọmọ kọ̀ọ̀kan á yọ pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀, bí ọmọ ìyá kan náà ṣe máa ń yàtọ̀ síra. Hóró náà tún ń fẹ́ òtútù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó hù. Ẹni tí iná tó ń rí ní Ifẹ̀ bá lè gbé fíríìjì dúró tó bẹ́ẹ̀, kó fi àdírẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀ka ni wọ́n máa ń gé gbìn, tàbí kí wọ́n lẹ ojú ẹ̀ka mọ́ ara róòsì mìíràn tó ti ta gbòǹgbò. Gbogbo 'Blue Moon' tó wà láyé, igi kan náà ni, tí wọ́n ń gé tí wọ́n ń pín. Orúkọ ló ń sọ fún wa pé ara igi yẹn ni ẹ̀ka yìí ti wá.

Lẹ́yìn ìtìjú mi, mo lọ bá màmá kan tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì. Mo ní, "Ẹ kú ọjà o, mà. Ṣé ẹ ní róòsì pọ́pù?"

"Rárá o, ọmọ mi. Pupa wà, funfun wà, píǹkì wà. Tó bá jẹ́ pọ́pù lo fẹ́, mú èyí." Wọ́n nawọ́ sí bougainvillea. Wọn ò parọ́ fún mi, ìyẹn sì wú mi lórí. (Àwọ̀ bougainvillea kò bá ti róòsì tan rárá, ẹbí èyí tó wà lára tẹ̀tẹ̀ pupa ni. Ohun tí à ń pè ní òdòdó rẹ̀ gan-an, ewé ni.) Mo bi wọ́n pé kí lorúkọ róòsì pupa yẹn. "Red rose ni." Ibo ló ti wá? Ọ̀gá tó kọ́ wọn níṣẹ́ ló fún wọn ní ẹ̀ka, ọ̀gá náà sì gé e nílé obìnrin kan ní Ìbàdàn. Ó ti lé ní ogún ọdún.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ mi wà. Ooru máa ń dín èròjà àwọ̀ róòsì kù. Igi tó ti fi ogún ọdún fara da oòrùn wa, tó ṣì ń pọ́n dáadáa, òbí gidi ló lè jẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ bí elésè àlùkò tí kò ní ṣá ní Ifẹ̀. A ní igi náà lọ́wọ́, a ò sì mọ ìdílé rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀gẹ́ TMS 30572 ti IITA ní Ìbàdàn. Wọ́n lè tọ ẹsẹ̀ ìran rẹ̀ dé Amani ní Tanzania, níbi tí wọ́n ti da ẹ̀gẹ́ pọ̀ mọ́ ìbátan rẹ̀ inú igbó, Manihot glaziovii, láwọn ọdún 1930, nítorí àrùn tó ń ba ewé ẹ̀gẹ́ jẹ́. Ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀, òun ló jẹ́ kí àwọn tó tẹ̀ lé e rí ibi tẹ̀síwájú.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní láàbù ní ẹ̀gẹ́ ni oúnjẹ, òdòdó kì í ṣe oúnjẹ. Ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ oko róòsì ní Kenya àti Ethiopia bóyá kì í ṣe oúnjẹ. Òfin tó ń dáàbò bo ẹni tó bá mú irú ọ̀gbìn tuntun jáde ti wà ní Nàìjíríà láti 2021. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ síbẹ̀ ní láti fi hàn pé tòun tuntun ni, pé ó yàtọ̀ sí èyí tó wà nílẹ̀. Báwo lẹ ṣe fẹ́ fi ìyàtọ̀ hàn sí ohun tí kò lórúkọ? Ẹ má sì ní kí àǹtí yín ní London fi ẹ̀ka 'Rhapsody in Blue' pamọ́ sínú báàgì wálé o. Àṣẹ Nigeria Agricultural Quarantine Service wà fún irú ẹ̀, torí àrùn ewéko máa ń bá ẹ̀ka rìnrìn àjò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo padà sọ́dọ̀ màmá náà pẹ̀lú páálí funfun àti bírò tí omi kì í pa rẹ́. Mo ní ká kọ ibi tí róòsì pupa yẹn ti wá, ká sì fún un lórúkọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé mo máa san owó ìsọmọlórúkọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n kọ "Ìyá Ìbàdàn", torí ilé obìnrin ló ti wá. Mo kọ ọ́, mo sì ra méjì.