Ẹni Tí Kò Ní Irinṣẹ́ Kò Gbọdọ̀ Tú Ṣọ́ọ̀kì Iwájú

Ọ̀rọ̀ kan ti gbòde láàárín àwọn tó ní ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù: pé pípààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì iwájú kò ju iṣẹ́ òwúrọ̀ Sátidé kan lọ. Wọ́n ní bí jáàkì àti sípánà bá ti wà nílé, kí ni ènìyàn tún ń kó owó fún mẹkáníìkì sí? Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, pàápàá nígbà tí àpò bá gbẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó lè pa ènìyàn ni.

Àwọn kan yóò ní ìjọba ló fà á, nítorí kòtò ojú pópó ló ń jẹ ṣọ́ọ̀kì. Òótọ́ wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ìjọba tí kò dí kòtò kò ní í sí lábẹ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ tí jáàkì bá yẹ̀.

Àwọn àgbà awakọ̀ a sì máa sọ pé ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń ṣe é. Wọn kò purọ́. Nínú púpọ̀ nínú àwọn Toyota Hilux àtijọ́ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, ọ̀pá irin gígùn tó ń lọ́ra ló ń gbé iwájú ọkọ̀ ró. Ṣọ́ọ̀kì dá dúró lọ́tọ̀. Ẹni tó bá tú òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti parí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ìran Hilux tó gbòde ní nǹkan bí ọdún 2005, sípíríǹgì ló yí ṣọ́ọ̀kì ká. Wọ́n ti fún sípíríǹgì náà pọ̀ kí wọ́n tó dè é síbẹ̀, agbára rẹ̀ kò sì lọ bí táyà tilẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Nọ́ọ̀tì mẹ́ta ló so orí rẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀. Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn ni ikú lúgọ sí, nítorí òun ló de sípíríǹgì mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá tú u láìkọ́kọ́ fi irinṣẹ́ ìfúnpọ̀ tí wọ́n ṣe fún un mú sípíríǹgì, ìbọn ló yìn sí ara rẹ̀. Okùn àti wáyà kò lè dá a dúró. Ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì tó bá ń lo okùn náà jẹ̀bi bákan náà.

Ṣé kí ọlọ́kọ̀ wá káwọ́ gbera ni? Rárá. Ó lè gbé ọkọ̀ sórí sítáǹdì tó lágbára, lórí ilẹ̀ tó le, kì í ṣe orí òkúta tàbí búlọ́ọ̀kù. Ó lè yọ ṣọ́ọ̀kì pẹ̀lú sípíríǹgì rẹ̀ lódidi láìfọwọ́ kan nọ́ọ̀tì àárín, kí ó gbé e lọ bá ẹni tó ní irinṣẹ́, kí ó sì padà wá so tuntun mọ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Kí ó pààrọ̀ méjèèjì pọ̀, nítorí ọ̀kan tuntun àti ọ̀kan tó ti rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọkọ̀ dúró déédéé. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n bá a to táyà iwájú kí ó lè wo ọ̀kánkán.

Owó iṣẹ́ tí ènìyàn fẹ́ ṣọ́ kò tó owó ìtọ́jú ojú kan. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.