Orúkọ tí wọ́n fi ń wá wa

Àwọn baba wa ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Láyé tí gbogbo ènìyàn ń fi fóònù wá ohun tí wọ́n fẹ́, orúkọ ti di ìjánu ìlú, ti ọjà àti ti ẹgbẹ́ pẹ̀lú. Ìbéèrè kan ni àwọn ọ̀dọ́ ń gbé wá bá mi, láti Soclogbo títí dé Dassa: «Olùkọ́, a ti gbé ojú-ìwé ẹgbẹ́ wa sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n bí a bá wá a lórí Google, a kì í rí i. Kí ni ká ṣe?» Ìdáhùn mi kò gùn: ẹ mọ orúkọ tí ẹni tó ń wá yín yóò fi pè yín, kí ẹ sì kọ ọ́ síbi tí yóò ti hàn. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn Faransé ń pè ní mots-clés. Àwa yóò pè é ní ọ̀rọ̀ kókó.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí ẹ̀rọ ìwárí ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí a bá tẹ ọ̀rọ̀ kan, kì í ṣe ìgbà náà ni Google ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré káàkiri ayé. Ó ti rán àwọn ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣáájú. Wọ́n ti ka ojú-ìwé kan tẹ̀lé òmíràn, wọ́n sì ti kó àwọn ọ̀rọ̀ inú wọn jọ bí atọ́ka tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé ilé-ẹ̀kọ́: ọ̀rọ̀ báyìí wà lójú ewé báyìí. Atọ́ka yìí ni ó ń ṣí nígbà tí a bá bi í léèrè. Bí ọ̀rọ̀ oníbèéèrè kò bá sí lójú-ìwé yín rárá, ó ṣòro kí a tó kà yín mọ́ àwọn tí yóò jáde.

Lẹ́yìn èyí ni ó ń tò wọ́n ní ipò. Ó ń wò ó bóyá ọ̀rọ̀ náà wà nínú àkọlé, bóyá àlàyé tó tẹ̀lé e sì bá a mu. Ó tún ń wo ẹni tó jẹ́rìí yín. Nígbà tí Larry Page àti Sergey Brin dá Google sílẹ̀ ní ọdún 1998, ọgbọ́n tí wọ́n gbára lé ni pé bí ojú-ìwé kan bá tọ́ka sí òmíràn, ẹ̀rí ni ó jẹ́ fún un; ẹ̀rí ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sì wúwo ju ti ẹni tí a kò mọ̀ rí lọ.

Nípa ọ̀rọ̀ kókó gan-an, àwọn ìyá wa tó ń polówó ọjà ní oríta Dassa, níbi tí ọ̀nà Parakou àti ọ̀nà Savalou ti pínyà, lè kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Bí ọkọ̀ bá dúró, orúkọ tí èrò ọkọ̀ yóò gbọ́ ni wọ́n ń ké. Ẹ wo kajú tí àwọn àgbẹ̀ ẹkùn Collines ń gbìn. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ń pè é ní anacarde. Ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ ní Paris ń pè é ní noix de cajou. Oníbàárà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní cashew. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tó bá kọ anacarde nìkan ń polówó fún díẹ̀ nínú àwọn tó ń kọjá.

Orúkọ ìlú ló tún le jù. Ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, Àjàṣẹ́ ni ìyá àgbà Yorùbá ń pè é, Hogbonou ni àwọn Gùn ń pè é. Ṣábẹ̀ẹ́ ti di Savè. Ní tiwa, Dassa ló wà lórí máàpù. Idaasha tàbí Idaatcha ni àwọn tó kọ́ Faransé ń kọ. Ede Idaca ni Ethnologue, ìwé tó ń ka àwọn èdè ayé, pe èdè wa. Ọmọ wa tí a bí sí Lyon, tó gbọ́ «Ìdáàṣà» lẹ́nu bàbá rẹ̀ àgbà, kò mọ̀ pé Dassa-Zoumè ni òun yóò tẹ̀ kí òun tó rí ilé.

Álífábẹ́ẹ̀tì méjì tún wà láàárín àwa Yorùbá. Ní ọdún 1975 ni a fìdí álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ múlẹ̀. A sì tún un ṣe ní 1990 àti 2008. Nínú rẹ̀, ɛ àti ɔ ni a ń kọ níbi tí àwọn ará Nàìjíríà ń kọ ẹ àti ọ. Sh dípò ṣ, kp dípò p. Ẹ̀pà tiwọn ni ɛ̀kpà tiwa. Ojú ènìyàn mọ̀ pé ọ̀kan náà ni, ṣùgbọ́n fún kọ̀ǹpútà, e tó ní àmì nísàlẹ̀ ni ẹ. Ẹ̀rọ lè bọ́ àmì náà kúrò kó sì kà á sí e. Ní ti ɛ, lẹ́tà mìíràn ni pátápátá, kò sí e nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í tẹ àmì kankan lórí fóònù: «epa» lásán ni wọn yóò kọ.

Èyí kò ní kí a pa ìkọsílẹ̀ wa tì. Ẹ kọ orúkọ tó tọ́ sínú àkọlé, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, lẹ́yìn náà, ẹ fi àwọn yòókù sínú gbólóhùn àkọ́kọ́, bí a ti í fi oríkì kún orúkọ: «Ìdáàṣà, tí a tún ń kọ ní Idaasha tàbí Idaatcha, ni àwọn ènìyàn Dassa-Zoumè, ìlú òkè 41.» Gbólóhùn kan yìí ti ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rin.

Ẹ ṣọ́ra fún àrékérekè. Àwọn kan a máa to ọ̀rọ̀ kan náà ní ogún ìgbà, tàbí kí wọ́n fi àwọ̀ funfun kọ ọ́ sórí funfun. Google ka èyí sí jìbìtì, ó sì lè rẹ irú ojú-ìwé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ní ti àwọn ọ̀rọ̀ kókó tí a ń tò pamọ́ sẹ́yìn ojú-ìwé, Google ti kéde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2009 pé òun kì í lò wọ́n láti to ipò. Bí ẹnìkan bá fẹ́ tà wọ́n fún ẹgbẹ́ yín, ẹ fi owó yín sápò.

Ẹ má sì jà fún ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń jà fún, bíi «tourisme Bénin». Ẹni tó bá tẹ «village idaasha Soclogbo» kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó ń wá, àwọn tó lè dá a lóhùn kò sì pọ̀. Láti mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ bi ènìyàn mẹ́wàá léèrè ohun tí wọn yóò tẹ̀. Ẹ tẹ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ wo ohun tí Google ń dábàá. Search Console, tí kì í gba owó, yóò sì fi ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn fi rí yín hàn yín.

Ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ju ipò lọ. Ibi tí a kò bá ti dáhùn, ẹlòmíràn yóò dáhùn fún wa: arìnrìn-àjò tó sun oorun alẹ́ kan ní Dassa, tàbí òṣìṣẹ́ amúnisìn tó ti kú tipẹ́. Ohun tí wọ́n bá wí ni àwọn ọmọ wa yóò máa kà sí ìtàn wọn. Kò sì sí ọ̀rọ̀ kókó tó lè gbé ojú-ìwé òfìfo dúró. Kí àgbà sọ ìtàn àdúgbò, kí ọ̀dọ́ tẹ̀ ẹ́. Kí a kọ nípa oúnjẹ wa, àkókò ọdún wa, àti ọ̀nà tí àlejò yóò gbà dé Soclogbo. Kí ojú-ìwé ẹgbẹ́ kan tọ́ka sí ti ẹgbẹ́ kejì, kí a lè jẹ́rìí ara wa. Ẹgbẹ́ tó bá sì ti ní ojú-ìwé, kí oṣù yìí má parí kí ẹ tó ṣe èyí kan: ẹ kọ gbogbo orúkọ ìlú yín sínú gbólóhùn àkọ́kọ́.