Oúnjẹ ẹṣin kọ́ ló yẹ kí oníṣòwò kọ́kọ́ gé kù

Ṣé àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Àmọ́ nínú òwò háyà ẹṣin nílẹ̀ Yorùbá, àṣà kan wà tí àwọn tiwájú ń dá, tí tẹ̀yìn sì ń kọ́, tó ń ba òwò náà jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àṣà náà ni pé tí owó bá ti ṣọ̀wọ́n, oúnjẹ ẹṣin ni wọ́n kọ́kọ́ ń dín kù. Tí ọdún bá wá ku ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í rọ àgbàdo àti ọkà bàbà sí i nínú kí ara rẹ̀ lè tètè dán. Ìhà méjèèjì ló léwu. Ẹni tó bá fẹ́ kí òwò ẹṣin tọ́jọ́ lọ́wọ́ òun gbọ́dọ̀ ka oúnjẹ mọ́ owó tó fi dá òwò sílẹ̀, kì í ṣe ìnáwó tí èèyàn lè gé nígbà tó bá wù ú.

Owó ńlá ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, àwọn ìdílé Balógun àti Ẹlẹ́ṣin máa ń gun ẹṣin lọ sí Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwòrán ti ọdún 2024 sì tàn ká gbogbo ayé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní etíkun Èkó, àwọn ẹlẹ́ṣin ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gun ẹṣin fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ìgbéyàwó àti ọjọ́ ìbí náà ń háyà rẹ̀ láti fi ya fọ́tò. Ẹṣin kì í sì í ṣe ohun tó yá láti fi òmíràn rọ́pò. Láti ayé Ọ̀yọ́-Ilé, tí àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin rẹ̀ lókìkí, apá òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń ra ẹṣin wá, nítorí eṣinṣin tó ń gbé àìsàn oorun kiri kò jẹ́ kí ẹṣin gbilẹ̀ nínú igbó. Títí dòní, apá Àríwá náà ni ọ̀pọ̀ ẹṣin ti ń wá. Ẹni tí ẹṣin rẹ̀ bá kú lọ́sẹ̀ ọdún yóò san owó ẹṣin tuntun, yóò san owó ọkọ̀, yóò sì tún dá owó oníbàárà padà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò kà sí ni pé inú ẹṣin yàtọ̀ sí ti màlúù. Ẹṣin kì í jẹ àpọ̀jẹ. Ikùn rẹ̀ kéré sí bí ara rẹ̀ ṣe tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni kò lè bì. Bí wọ́n bá tú u sílẹ̀ ní pápá, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa jẹko fún nǹkan bíi wákàtí 16 lójúmọ́. Koríko yìí ni àwọn kòkòrò tíntìntín tó wà nínú ìfun ńlá rẹ̀ ń sọ di agbára. Tí wọ́n bá wá da ọkà púpọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí ikùn àti ìfun kékeré kò rí dà yóò ya lọ sínú ìfun ńlá, yóò sì kan níbẹ̀ bí ògì ṣe ń kan. Àwọn kòkòrò rere yóò kú, májèlé yóò sì wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ ni inú rírun tó ń pa ẹṣin mọ́jú ti ń wá, àti àìsàn inú pátákò tó ń mú kí ẹṣin máa tiro. Ẹṣin bẹ́ẹ̀ lè má ṣiṣẹ́ fún oṣù púpọ̀, bí kò bá tilẹ̀ yarọ títí ayé.

Ìṣirò oúnjẹ rẹ̀ kò le, téèpù télọ̀ ti tó. Kí wọ́n wọn àyíká àyà ẹṣin lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, kí wọ́n wọn gígùn ara rẹ̀ láti ṣóńṣó èjìká dé ìdí, ní sẹ̀ǹtímítà. Kí wọ́n sọ àyíká àyà di ìlọ́po ara rẹ̀, kí wọ́n fi gígùn sọ èyí tó jáde di ìlọ́po, kí wọ́n wá fi 11,880 pín in. Ẹṣin tí àyíká àyà rẹ̀ jẹ́ 160, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 140, yóò wọ̀n tó nǹkan bíi kílò 300. Ẹṣin bẹ́ẹ̀ nílò oúnjẹ gbígbẹ tó tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ lójúmọ́, ìyẹn kílò 6. Ó kéré tán, kílò 4 àtààbọ̀ nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ koríko gbígbẹ tàbí ewé ẹ̀pà gbígbẹ. Tó bá jẹ́ koríko tútù ni, yóò tó nǹkan bíi kílò 20, torí omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Tí ẹṣin bá ń ṣiṣẹ́, ọkà lè dí kílò kan àtààbọ̀ tó kù, kí wọ́n sì pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì. Omi kò gbọdọ̀ dín sí lítà 15 lójúmọ́, bó bá sì ń sáré nínú oòrùn, ó lè mu ìlọ́po méjì. Nǹkan bíi gíráàmù 30 iyọ̀ náà ṣe pàtàkì, torí òógùn ń gbé iyọ̀ jáde. Tí wọ́n bá sì fẹ́ pààrọ̀ oúnjẹ, kí wọ́n ṣe é díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ 7 sí 10.

Èérí ni ọ̀pọ̀ fi ń dí àlàfo nítorí pé ó rọ̀ lọ́rùn. Kò burú bó bá jẹ́ ìwọ̀nba. Ṣùgbọ́n èròjà fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú èérí pọ̀ ju kálísíọ́mù inú rẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kálísíọ́mù ló yẹ kó pọ̀ jù fún ẹṣin. Ẹṣin tó bá ń jẹ èérí ní àjẹmọ́jú yóò máa fa kálísíọ́mù jáde látinú eegun ara rẹ̀, eegun ojú yóò wú, ẹsẹ̀ yóò sì máa dùn ún. Láyé àtijọ́ nílẹ̀ òyìnbó, ẹṣin àwọn tó ń lọ ọkà ni àìsàn yìí máa ń mú jù, torí èérí ló pọ̀ nílẹ̀ wọn. Ewé ẹ̀pà àti ewé ẹ̀wà gbígbẹ ní kálísíọ́mù dáadáa, àwọn ló lè bá èérí dọ́gba.

Èyí tó burú jù ni oúnjẹ adìẹ. Wọ́n máa ń fi oògùn tó ń jẹ́ monensin sínú oúnjẹ adìẹ kan nítorí ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀. Adìẹ kò ní í mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n mílígíráàmù 2 sí 3 péré fún kílò ara kan ti tó láti pa ẹṣin, torí ọkàn rẹ̀ ló ń bà jẹ́. Àgbàdo tó ti bu náà kì í ṣe oúnjẹ ẹṣin. Májèlé inú rẹ̀ lè ba ọpọlọ ẹṣin jẹ́, kò sì sí oògùn rẹ̀.

Àwọn tó ń ṣòwò yìí yóò sọ pé ohun gbogbo ti gbówó lérí, pé owó tó ń wọlé kò tó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n wo ibi tí owó náà ń lọ. Ọkà ló wọ́n, òun ni wọ́n ń rọ sí ẹṣin nínú nígbà ọdún. Koríko ló rọ̀ lọ́rùn, òun ni wọ́n ń fi dù ú láti oṣù dé oṣù. Lẹ́yìn ìkórè ẹ̀pà, ewé rẹ̀ a pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ a sì wálẹ̀. Tó bá di ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, a wọ́n bí ojú. Bí ẹlẹ́ṣin márùn-ún bá dáwó jọ, tí wọ́n ra ọkọ̀ kan lákòókò ìkórè, tí wọ́n tò ó síbi tí òjò kò lè dé, owó tí wọ́n máa ná yóò dín sí ti ẹni tó ń ra ìdì kọ̀ọ̀kan.

Owó háyà náà ní ìṣirò tirẹ̀. Ẹṣin tó bá ń rí iṣẹ́ ọjọ́ 100 lọ́dún ń jẹun ọjọ́ 365. Owó iṣẹ́ ọjọ́ kan gbọ́dọ̀ gbé oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta àtààbọ̀ ó lé díẹ̀. Ẹni tó bá ń dá iye owó nítorí pé aládùúgbò rẹ̀ gba iye bẹ́ẹ̀, tí kò ṣe ìṣirò yìí, ara ẹṣin rẹ̀ ló ti ń yá owó, láìpẹ́ gbèsè náà yóò dé.

Àwọn oníbàárà náà ní iṣẹ́ tiwọn. Kí wọ́n tó sanwó, kí wọ́n wo ẹ̀gbẹ́ ẹṣin. Bí eegun ìhà bá hàn gàn-ànràn lókèèrè, ebi ti ń pa ẹṣin náà tipẹ́. Èyí tó dára ni kí ọwọ́ lè fọwọ́ kan eegun ìhà náà láìjẹ́ pé ojú rí i. Ẹlẹ́ṣin tó bá sì ń retí owó ọdún Iléyá, oṣù mẹ́ta ṣáájú ló yẹ kó ti máa tún oúnjẹ ẹṣin rẹ̀ ṣe. Ọ̀sẹ̀ tó kù dẹ̀dẹ̀ ti pẹ́ jù.