Ọ̀pá Ìwọ̀n Kì í Wojú: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Ọ̀dọ́ Ayétòrò àti Iṣẹ́ Ọmọ-Ogun

Nígbàkúùgbà tí Ilé-iṣẹ́ Ọmọ-ogun Nàìjíríà bá kéde pé òun fẹ́ gba àwọn ọmọ-ogun titun, ariwo rẹ̀ a gba Ayétòrò àti gbogbo ilẹ̀ Yewa kan. Àwọn ọ̀dọ́ a máa wá ìwé ẹ̀rí kiri, àwọn òbí a máa béèrè ẹni tí wọ́n mọ̀ ní Abẹ́òkúta tàbí ní Àbújá, àwọn ayédèrú alágbàwí náà a sì tẹ́wọ́ gba owó. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí àwa kì í sábà gbọ́: ara ọmọ náà ńkọ́? Ǹjẹ́ ó lè gbé iṣẹ́ tí à ń bá a wá? Lórí èyí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ̀rọ̀, nítorí bí ìwé bá pé tí ara kò pé, ọ̀nà Zaria, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ-ogun titun, kò lè là.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ìjọba ń béèrè. Nínú àwọn ìkéde ọdún àìpẹ́ yìí, ọkùnrin kò gbọdọ̀ kúrú ju mítà 1.68 lọ, èyí tí í ṣe nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínṣì 6. Obìnrin kò gbọdọ̀ kúrú ju mítà 1.65 lọ. Ẹni tí kò ní iṣẹ́ ọwọ́ ní láti wà láàárín ọdún 18 sí 22. A sì fi ààyè díẹ̀ sí i fún ẹni tí ó ní iṣẹ́ ọwọ́. Ó kéré tán, ó gbọ́dọ̀ yege nínú ẹ̀kọ́ 4 nínú ìdánwò oníwèé mẹ́wàá. Lẹ́yìn èyí ni àwọn oníṣègùn yóò yẹ ojú, etí, ẹsẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, a ó sì ní kí ó sáré, kí ó dọ̀bálẹ̀ kí ó sì fi ọwọ́ méjèèjì ti ara rẹ̀ sókè lọ́pọ̀ ìgbà. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ náà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gba owó lọ́wọ́ yín nítorí rẹ̀, olè ni.

Àwọn kan yóò wí pé ojúsàájú ni ó ń dá àwọn ọmọ wa padà. Àwa kò sọ pé kò sí ojúsàájú ní ilẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀pá tí a fi ń wọn gíga ènìyàn kì í wojú, ẹ̀mí tí ó já lẹ́nu ẹni tí ó ń sáré kò sì mọ ọmọ ìjòyè yàtọ̀ sí ọmọ àgbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ pariwo ìrẹ́jẹ ní láti kọ́kọ́ rí i pé òun kò fi àbùkù lé ara òun lọ́wọ́ fún ẹni tí yóò lé òun padà.

Ohun méjì ni kí a yà sọ́tọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni gíga, èkejì ni agbára. Gíga kì í ṣe ohun tí a lè wá ní ọdún 18. Ohun tí ọmọ jogún lára àwọn òbí rẹ̀ ni, àti ohun tí ó jẹ láti inú oyún títí di nǹkan bí ọdún 2 rẹ̀ lókè eèpẹ̀. Ìwádìí tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé nínú ọmọ 100 tí kò tí ì pé ọdún 5, àwọn 37 ni kò ga tó bí ó ti yẹ. Nínú èyí tí a ṣe ní 2023 sí 2024, wọ́n ti di 40. Ní ìhà tiwa yìí, ebi kọ́ ni ó ń pa púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà. Láfún àti ẹ̀bà ń kún ikùn wọn láràárọ̀ àti lálaalẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹ̀pà tí í mú ara dàgbà kò tó nínú àwo. Ìyá tí ó ń ta ẹyin lọ́jà tí ọmọ tirẹ̀ kò sì fi ẹnu kàn án, kí ó ronú sí i.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ṣáájú wa. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń bá àwọn Boer jà ní Gúúsù Áfíríkà láti 1899 sí 1902, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin wọn tí ó wá forúkọ sílẹ̀ ni a dá padà nítorí pé ara wọn kò tó. Ìtìjú yìí mú kí ìjọba wọn yan ìgbìmọ̀ tí ó ròyìn ní 1904. Ní 1906 òfin jáde pé a lè máa bọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, òfin 1907 sì ní kí a máa fi dókítà yẹ̀ wọ́n wò. Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, òfin oúnjẹ ilé-ẹ̀kọ́ ti 1946 wí gbangba pé ọ̀ràn ààbò orílẹ̀-èdè ni. Wọ́n mọ̀ pé inú ìkòkò ọbẹ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọmọ-ogun.

Agbára ní tirẹ̀ yàtọ̀. A lè wá a, a sì lè rí i. Nígbà ogun Bọ́mà, àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú Ẹgbẹ́ Ọmọ-ogun 81 àti 82 ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Nínú igbó àfonífojì Kaladan ní 1944, níbi tí ọkọ̀ kò lè dé, orí ni a fi ru ẹrù ogun. Ara tí oko àti ìrìn ẹsẹ̀ ti kọ́ láti ìgbà èwe ni ó ru ẹrù wọ̀nyí. Lónìí, ọ̀kadà ni ó ń gbé ọmọ Ayétòrò lọ sí oko, òun náà ni ó ń gbé e lọ sí ọjà. A kò bú ọ̀kadà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí kì í rìn kò lè sáré lọ́jọ́ kan ṣoṣo nítorí pé ìjọba ní kí ó sáré.

Ikú sì wà nínú àìmúra-sílẹ̀. Ní oṣù Keje 2008, nígbà tí Ilé-iṣẹ́ Aṣọ́bodè àti ti Ọgbà Ẹ̀wọ̀n ń dán àwọn tí ń wá iṣẹ́ wò, ènìyàn 17 ni a ròyìn pé ó kú. Àárẹ̀ eré sísá wà lára ohun tí ó fà á. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta 2014, àwọn mìíràn tún kú níbi ìdánwò Ilé-iṣẹ́ Aṣọ́bodè, nítorí pé èrò pọ̀ ju ọ̀nà lọ. Ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí, ẹ̀bi àwọn tí ó ṣètò ni. Ṣùgbọ́n nínú ti èkíní, ẹni tí ó ti kọ́ ara rẹ̀ ṣáájú ni ìdánwò náà kì bá ti yọ lẹ́nu jù.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa nìyí. Kí ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ ní oṣù 3 ṣáájú, kí ó má dúró de ìkéde. Kí ó kọ́kọ́ máa rìn kánkán, kí ó máa fi eré díẹ̀díẹ̀ bọ̀ ọ́, kí ó sì máa fi kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí ó máa sinmi ní ọjọ́ kan tàbí méjì láàárín ọ̀sẹ̀, nítorí ìgbà ìsinmi ni ara ń mú agbára. Òwúrọ̀ kùtù ni kí ó máa sáré, kì í ṣe ọ̀sán gangan, kí omi má sì jìnnà sí i. Bí ibà bá ń ṣe é, kí ó jókòó. Kí ó lọ mọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú: nǹkan bí ẹnì 1 nínú 4 ní ilẹ̀ wa ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS. Ara wọn le, wọ́n sì lè ṣe iṣẹ́ ogun, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti rí i pé bí wọ́n bá fi ipá sáré nínú ooru láìmu omi, iṣan ara wọn lè bàjẹ́ ju ti ẹlòmíràn lọ.

Ìlú náà ní ipa tirẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2022, àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà dá ilé ìmúrasílẹ̀ sílẹ̀ ní Fort Jackson, níbi tí àwọn tí ó sanra jù tàbí tí ìwé kò yé dáadáa ti lè lò tó 90 ọjọ́ kí ẹ̀kọ́ gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Àwa kò ní owó tó tiwọn, ṣùgbọ́n a ní pápá. Comprehensive High School tí a dá sílẹ̀ ní 1963 wà nítòsí wa. Àwọn sójà tí ó ti fẹ̀yìntì wà láàárín wa. Bí àwọn baálẹ̀, àwọn olùkọ́ àti àwọn ẹgbẹ́ oníṣòwò bá fọwọ́ sowọ́ pọ̀, tí sójà àgbà kan ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní òwúrọ̀ Sátidé, tí nọ́ọ̀sì kan sì ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìpá wọn, ọ̀pọ̀ ni yóò mọ ipò tí òun wà kí ó tó ná owó ọkọ̀.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti owó-oṣù nìkan. Etí ààlà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní 1889 ni a ń gbé. A kò tí ì gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ 2021, nígbà tí ìjà àwọn àgbẹ̀ àti àwọn darandaran mú kí àwọn ènìyàn Ẹ̀gúà àti àwọn ìletò ìtòsí rẹ̀ sá wọ ilẹ̀ Benin lọ. Ilẹ̀ tí ó mọ irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ máa retí pé ọmọ ẹlòmíràn nìkan ni yóò máa ṣọ́ ọ. Ẹni tí gíga rẹ̀ kò sì tó, kí a má fi ṣe ẹlẹ́yà: ara líle tí ó ti wá yóò wúlò fún un lóko àti nídìí iṣẹ́ gbogbo.

Àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ẹ̀yin òbí wo inú àwo ọmọ yín lálẹ́ òní, kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ sì dìde ní kùtù ọ̀la. Ìkéde mìíràn ń bọ̀.