Babátúndé Lorúkọ Ọkùnrin Yẹn

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2021, nílùú Tampa ní ìpínlẹ̀ Florida, Apollo Crews na Big E ní WrestleMania 37, ó sì gba bẹ́líìtì Intercontinental lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ràn ìjàkadì orí tẹlifíṣọ̀n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ. Ọkùnrin gìrìwò kan ló já wọlé lójijì pẹ̀lú aṣọ ológun lọ́rùn, tó lu Big E bolẹ̀. Apollo kàn wá dùbúlẹ̀ lé e ni, wọ́n ka ení, èjì, ẹ̀ta, ìjà parí. Kí la wá ń pe ọkùnrin gìrìwò náà? "Ẹ̀ṣọ́ Apollo." Àwọn míì tiẹ̀ ní "gbòǹgbò ènìyàn yẹn."

Ẹ jọ̀ọ́, ó lórúkọ. Babátúndé Aiyegbusi ló ń jẹ́.

Poland ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1988, nílùú Oleśnica. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, ará Poland ni ìyá rẹ̀. Ó ga ju mítà méjì lọ, ó sì wúwo ju 150 kílò. Kó tó di oníjàkadì, bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, ló ń gbá, ní Poland àti ní Dresden lórílẹ̀-èdè Jámánì. Lọ́dún 2015, ẹgbẹ́ Minnesota Vikings gbà á wọlé láìjẹ́ pé ó gba yunifásítì Amẹ́ríkà kankan kọjá, bẹ́ẹ̀ yunifásítì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ń gbà dé ibẹ̀. Wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀ kí ìdíje ọdún náà tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2016, WWE gbà á.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ ṣe. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, oníjàkadì 50 ló wọ ìjà kan ṣoṣo ní Jeddah lórílẹ̀-èdè Saudi Arabia. Ó wà níbẹ̀, Babatunde ni wọ́n sì pè é lójú gbogbo ayé. Nígbà tó di 2020, wọ́n sọ ọ́ di Dabba-Kato. Ní 2021, ó di Commander Azeez. Ní oṣù kejì ọdún 2023, Dabba-Kato tún padà dé. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, wọ́n ti ní kó máa lọ.

Àwọn kan máa sọ pé orúkọ Yorùbá le lẹ́nu òyìnbó. Ẹ jẹ́ ká kà á. Ba-ba-tun-de: mẹ́rin. Dab-ba-Ka-to: mẹ́rin náà ni. Ẹnu tó lè pe èkejì lè pe èkíní. Ohun tó yàtọ̀ ni pé Babátúndé ní ìtumọ̀, ilé ló sì ti wá: bàbá àgbà ti lọ, ọmọkùnrin dé, ìdílé ní baba ti padà wá. Dabba-Kato kò ti ilé ẹnikẹ́ni wá. Ní ti Azeez, mi ò ní bú orúkọ yẹn, torí àwọn Azeez pọ̀ ní Ìbàdàn àti Ìlọrin ju bí mo ṣe lè kà lọ. Ẹjọ́ tí mo ń rò ni pé ẹni tó ní orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n lọ yá orúkọ fún.

Ẹlòmíì á ní, "Ṣebí gbogbo oníjàkadì ló ń gba orúkọ eré? Apollo gan-an, ṣé Apollo lorúkọ ẹ̀ nílé ni?" Òótọ́ ni. Sesugh Uhaa ni wọ́n ń pe Apollo. Undertaker náà kì í ṣe orúkọ tí ìyá kankan sọ ọmọ. Àmọ́ wọ́n fún Undertaker ní ìtàn tó fi ṣeré fún 30 ọdún. Ìtàn wo ni wọ́n fún Babátúndé? Orúkọ mẹ́ta láàárín ọdún márùn-ún, kò sí èyí tí wọ́n dúró tì.

Ẹ tún wo Kofi Kingston. Ọmọ Gánà ni, Kofi sì ni orúkọ tí àwọn Akan ń sọ ọmọkùnrin tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ẹtì. Nígbà tó dé lọ́dún 2008, wọ́n ní kó máa ṣe bí ará Jàmáíkà. Nígbà tó yá, wọ́n jẹ́ kó jẹ́ ọmọ Gánà tó jẹ́. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 2019, ó na Daniel Bryan, ó gba bẹ́líìtì tó ga jù nílé iṣẹ́ náà. Mi ò sọ pé orúkọ nìkan ló gbé e débẹ̀. Ó lé lọ́dún mẹ́wàá tó fi ṣiṣẹ́. Àmọ́ ta ló rí i pé "Kofi" le lẹ́nu èrò tó ń pariwo rẹ̀?

Àtakò kejì ni pé gíga nìkan ló ní, kò mọ ìjà jà. Ibo lẹ ti rí i tó? Ní Raw Underground, níbi tí wọ́n ti ń jà láìsí okùn yíká, ó ń na ènìyàn bí ẹni fọ aṣọ, títí Braun Strowman fi ṣẹ́gun ẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2020. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé e pamọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nígbà tó jáde, iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ni kó dúró sẹ́yìn Apollo, kó dijú mágbárí, kó má sọ̀rọ̀. Ó sì ṣe é dáadáa. Nítorí òun ni Apollo fi dà bí ọba lójú wa. Ẹ ò fún ènìyàn ní odó, ẹ wá ń bi í pé iyán dà.

Èyí tó tún bí mi nínú ni irú Nàìjíríà tí wọ́n gbé ka orí àwọn méjèèjì: ọ̀kọ̀, aṣọ ológun, àti ìjà tí wọ́n pè ní Nigerian Drum Fight. Abúlé wo ni wọ́n ti ń ja irú ẹ̀? Lọ́dọ̀ tiwa, ìlù ń sọ̀rọ̀, ó ń ki ènìyàn. A kì í gbé e ka ẹ̀gbẹ́ ojú ìjà torí kí wọ́n lè fi na ara wọn. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sesugh àti ọmọ Poland tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Babátúndé ní ìtàn gidi lọ́wọ́. Wọ́n pa á tì, wọ́n lọ se ìtàn ọba àti ẹ̀ṣọ́.

Àwa náà ńkọ́? A fi ohùn tí Apollo ń fi sọ̀rọ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a rẹ́rìn-ín títí. A ò béèrè ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Òyìnbó gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀, àwa tó yẹ ká mọ ìtumọ̀ orúkọ náà ò bi í pé dà.

Nítorí náà, tí ẹ bá tún rí fídíò ìjà ọjọ́ yẹn, tí ẹ sì fẹ́ pín in, ẹ má kọ "ẹ̀ṣọ́ Apollo" sábẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ Babátúndé Aiyegbusi. Tí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé ta nìyẹn, ẹ sọ fún un pé òun ló na Big E lọ́jọ́ náà.