Iṣẹ́ Káfíńtà Kò Mọ Sórí Àga àti Ilẹ̀kùn

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà ló kọ́ṣẹ́ káfíńtà, tí ọwọ́ wọn sì dilẹ̀ nígbà tí kò bá sí ẹni tó ń kọ́lé. Iṣẹ́ kan wà tí wọ́n lè fi kún un: ọ̀pá tẹlisíkóòpù, awò tí a fi ń wo òṣùpá àti ìràwọ̀.

Ó lé ní 500 ọdún ṣáájú Galileo tí Ibn al-Haytham, onímọ̀ Mùsùlùmí, ti kọ ìwé ńlá lórí ìmọ́lẹ̀ àti ìríran. Igi ni wọ́n sì fi ṣe ọ̀pá ọ̀kan nínú awò Galileo tó ṣì wà ní ìlú Florence di òní.

Rírà ni awò; ọ̀pá ni ti káfíńtà. Kí pákó gbẹ dáadáa, nítorí pákó tútù yóò wọ́, awò kò sì ní dojú kọ ara wọn mọ́. Kí inú ọ̀pá dúdú, kí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ má baà ba àwòrán jẹ́.

Olùrà kò pọ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má pa àga kíkàn tì. Kí ó ṣe ẹyọ kan, kí ó fi han ilé-ẹ̀kọ́ àti àwọn tó ń wá oṣù Ramadan, kí ó tó ṣe òmíràn. Kí ó sì kìlọ̀ fún olùrà pé a kò gbọdọ̀ fi í wo oòrùn, kí ojú má baà fọ́. Òtítọ́ ni ó ń mú oníbàárà padà wá.