Ojú Kì í Ti Ẹ̀rọ

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní JSS 2 gbé fóònù wá bá mi. Olùkọ́ wọn ní kí wọ́n kọ ìtàn ìlú ìyá wọn. Ó ti bi ọgbọ́n àtọwọ́dá, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní AI, ìyẹn sì ti bá a kọ ọ́ dáadáa. Mo kà á sí ìyá wa létí. Nígbà tí mo dórí orúkọ ọba tó tẹ ìlú dó, màmá bú sẹ́rìn-ín: “Ọmọ ta nìyẹn?” Kò sí ọba tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí nílùú wa.

“Àǹtí, AI ló sọ bẹ́ẹ̀,” lọmọ fèsì.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, irú èyí ti kó àgbà sí wàhálà rí. Lọ́dún 2023, ní New York, àwọn agbẹjọ́rò kan kó ẹjọ́ mẹ́fà tí kò wáyé rí, tí ChatGPT hùmọ̀, lọ síwájú adájọ́. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ti bi ẹ̀rọ náà bóyá òótọ́ ni. Ó ní òótọ́ ni. Adájọ́ bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là lé wọn. Kò sọ pé lílo ẹ̀rọ ló burú. Ó ní ojúṣe agbẹjọ́rò ni láti yẹ ohun tó ń kó wá sí kóòtù wò.

Kí ló ń fà á? Ẹ̀rọ náà ti ka ọ̀kẹ́ àìmọye ìwé tí ènìyàn kọ. Ó ń wo ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń tẹ̀ lé ara wọn, ó sì ń tò wọ́n. Níbi tí kò bá ti rí òótọ́ mú, ó lè to ohun tó jọ òótọ́, láì kálòlò. Màmá ò kàwé tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí ìmọ̀ òun mọ. Bí nǹkan ò bá dá a lójú, á ní ká lọ bi àwọn àgbà ilé.

Èmi náà ń lo AI nídìí iṣẹ́ ìtumọ̀. Ó ń mú iṣẹ́ yá. Àmọ́ orúkọ tèmi ló ń wà lábẹ́ iṣẹ́. Bí ìlànà lílo oògùn bá ṣì mí tú, tí wọ́n fún ọmọ ọlọ́mọ lò, ta ni yóò dáhùn? Ojú kì í ti ẹ̀rọ, ẹ̀rí ọkàn kì í sì í dà á láàmú.

Ẹ̀yin òbí, kì í ṣe pé kẹ́ ẹ gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ sáà bi í pé: “Ta lo tún bi yàtọ̀ sí ẹ̀rọ?” Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi padà jókòó ti màmá, ó mú bírò. Ìtàn tó kọ kúrú ju ti AI lọ, ṣùgbọ́n ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ ẹni tó sọ ọ́ fún òun.